Ẹ Má Pa Ẹlẹ́jọ́ Kí Ẹjọ́ Tó Parí

Olóòtú Àgbà,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àyè díẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn pé kí ìjọba má fún adigunjalè tó ń fọ́lé onílé láyè ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn mọ́. Wọ́n ní bí adájọ́ bá ti dá a lẹ́bi, kí wọ́n so ó rọ̀, ó parí.

Kì í ṣe pé n kò mọ oró tí olè ń dáni. Wọ́n ti já wọ ilé tèmi náà rí, ní aago méjì òru. Wọ́n nà mí, wọ́n sì tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ará àdúgbò wọ́ ọmọkùnrin kan wá, wọ́n ní, "Bàbá, ṣé òun kọ́ nìyí?" Ẹ̀yin ará, inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n sọ pé òun ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n tan iná sí lójú, kí ló rí? Mo ní n kò mọ̀ ọ́n.

Irú nǹkan báyìí ni ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ń tún yẹ̀ wò. Nǹkan mẹ́ta ni ìjọba gbọ́dọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀: pé olè jà, pé ohun ìjà wà lọ́wọ́ olè, àti pé ẹlẹ́jọ́ yìí wà lára wọn. Ẹ̀kẹta yẹn ni wàhálà. Ṣé iná wà níbẹ̀? Ṣé ó rí i pẹ́? Bó bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ṣé ó dárúkọ rẹ̀ fún ọlọ́pàá lọ́jọ́ kìíní?

Ẹ rántí ẹjọ́ Nasiru Bello. Wọ́n dájọ́ ikú fún un n'Íbàdàn nítorí ìdigunjalè, ó sì pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọn ò tíì gbọ́ ẹjọ́ náà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi pa á ní 1981. Ní 1986, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ohun tí ìjọba ṣe kò bófin mu, kí wọ́n sanwó fún àwọn tó fi sáyé lọ. Ṣé owó ń jí òkú ni? Bóyá ó jalè o, bóyá kò jalè o, ta ni yóò sọ fún wa báyìí?

Láyé ológun, kò sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fún ẹni tí ìgbìmọ̀ tó ń gbẹ́jọ́ adigunjalè bá dá lẹ́bi. Láti 1971 ni wọ́n ti ń yìnbọn pa wọ́n ní Bar Beach l'Ékòó, tí èrò ń wò wọ́n bí ẹni wo eré. Ṣé olè tán nílẹ̀?

Bó bá jẹ́ pé ìfàgùn ẹjọ́ ló ń bí wa nínú, mo fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká pariwo pé kí wọ́n tètè kó ìwé ẹjọ́ jọ, kí àwọn adájọ́ sì tètè jókòó lé e. Ṣùgbọ́n kí a má dí ọ̀nà mọ́ ẹnikẹ́ni. Bí a bá so aláìṣẹ̀ rọ̀, olè gan-an ṣì wà níta. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn tiwa náà ni yóò padà wá fọ́.

Èmi ni tiyín,
Onílé Kan,
Ìbàdàn.