Ikú Ilé àti Ikú Òde: Ọ̀rọ̀ Lórí Sátẹ́láìtì Wa

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè dà bí ohun tí ó jìnnà sí Òkè-Ògùn, ṣùgbọ́n owó gbogbo wa ni ó wà nínú rẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007 ni a ti ilẹ̀ Ṣáínà gbé NigComSat-1 lọ sí òfurufú, ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sókè ilẹ̀. Ọdún 15 ni a dá fún un, ṣùgbọ́n kò lo ọdún méjì tí ó fi kú, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008. Ohun èlò tí ń gba agbára lára oòrùn ni ó dẹnu kọlẹ̀, agbára inú rẹ̀ sì tán.

Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń wí pé iṣẹ́ òfurufú kì í ṣe tiwa. Àwa kò fara mọ́ ọn, nítorí àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà pẹ̀lú ń pàdánù. Ní oṣù Kejì ọdún 2009, sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà kan àti ti Rọ́ṣíà kan tí ó ti kú kọlu ara wọn lókè Siberia, wọ́n sì fọ́ wẹ́wẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjì tí ó ti inú oòrùn wá mú kí afẹ́fẹ́ òkè ki sí i, ó sì fa nǹkan bí 40 wálẹ̀ nínú sátẹ́láìtì Starlink 49 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ìjì oòrùn, kì í sì í ṣe àfọ́kù irin ni a gbọ́ pé ó pa tiwa. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá wọn ewu òfurufú, inú ohun èlò rẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Adójútòfò ni ó gbà wá nígbà náà. A fi NigComSat-1R rọ́pò èyí tí ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, láìsan owó mìíràn. Àwọn kan ń yọ̀ pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n adójútòfò a máa dá irin padà. Kì í dá ọdún mẹ́ta padà.

Ọdún 15 ni a dá fún èyí pẹ̀lú, ọdún 2026 ni ó sì pé. Kò sí àgbẹ̀ kan ní Ṣakí tàbí ní Ìṣẹ́yìn tí yóò dúró di ìgbà tí iná ọ̀dàn bá dé etí abà kí ó tó ro àyíká rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ìjọba ń gbọ́ ohùn yín: kí a tó san owó sátẹ́láìtì mìíràn, ẹ béèrè ìṣirò ewu rẹ̀, ti ilé àti ti òde, kí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún ará ìlú. Àwa tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ yóò sì fi èdè wa kọ́ ọmọ wa ní ìmọ̀ yìí.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Orílẹ̀-èdè wa kì í ṣe ọmọdé mọ́.