Ọ̀mì kì í ṣe ìtìjú, ọmọdé kì í ṣe ẹrù

Ẹ̀yin ará wa ní Agoua, ní Bantè àti ní Savalou, àti ẹ̀yin ọmọ ìyá wa tó ń kà wá láti òdìkejì ààlà, lónìí, a fẹ́ bá yín jà díẹ̀.

Bí wọ́n bá ti dárúkọ akọ́nimọ̀ọ́gbá Guépards lábẹ́ igi níbí, ọ̀rọ̀ méjì kan náà là ń gbọ́. Èkíní: ẹni tó ta ọ̀mì kò ṣe nǹkan kan. Èkejì: ọmọdé ò tíì mọ bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ káwọn àgbà gbá a. Àwa ò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kà á pọ̀. Ní 2004, 2008 àti 2010, a lọ sí Ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà. Ìdíje 9 la gbá. Wọ́n nà wá nínú 8, a ta ọ̀mì kan ṣoṣo pẹ̀lú Mozambique. Ó wá di 2019 ní Íjíbítì, Michel Dussuyer ló ń darí wa, Écureuils ni wọ́n ṣì ń pè wá nígbà yẹn. Gánà, 2-2, Mickaël Poté ló gbá méjèèjì wọlé. Guinée-Bissau, òdo sí òdo. Kamẹrúùnù tó gba ife ní 2017, òdo sí òdo. Àmì 3 péré, a sì kọjá! Lẹ́yìn náà Mòrókò: Ziyech gbá pẹnárítì mọ́ òpó nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, 1-1, wọ́n lé Khaled Adénon jáde, síbẹ̀ a fi pẹnárítì dá wọn padà sílé, 4 sí 1. Sẹ̀nẹ̀gàl ló dá wa dúró, 1-0. A ò na ẹnikẹ́ni láàárín 90 ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n a wà lára orílẹ̀-èdè 8 tó kẹ́yìn. Ẹni tó mọ ayò í ta mọ̀ pé ọ̀mì ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Ti àwọn ọmọdé wá ńkọ́? Gernot Rohr, ọmọ Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa ní 2023, Nàìjíríà ló wà láti 2016 sí 2021. Ikọ̀ tó kó lọ sí Rọ́ṣíà ní 2018, òun ni ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù níbẹ̀. Francis Uzoho tó ń ṣọ́lé, ọmọ ọdún 19 ni. Wọ́n bú u títí. Ní ọdún kejì, Nàìjíríà ṣe ipò kẹta ní Áfíríkà. Wọ́n ṣì lé e. Ní 10 oṣù kẹfà 2024, ní Abidjan, ọkùnrin kan náà darí wa, a na Nàìjíríà 2-1. Ẹ̀yin ará òdìkejì, ẹ má bínú.

Lóòótọ́, ní 14 oṣù kẹwàá 2025, ní Uyo, wọ́n gbá 4 wọlé wa, ilẹ̀kùn Ife Àgbáyé sì tì. A ò sùn lóru ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ọmọdé ló fà á. Osimhen ló fà á, ó gbá 3.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn wá ni pé olùkọ́ ni wá. Lórí pápá wa níbí, ọmọ ọdún 15 tó ń sáré bí ìgalà ló ń gbé omi dúró lẹ́bàá ìlà, ẹ̀gbọ́n ọlọ́dún 35 tí orúnkún ń dùn ló wọ nọ́ńbà 10. A ò ní dárúkọ, ẹ̀gbọ́n wa ni. Ìdọ̀bálẹ̀ la fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe nọ́ńbà 10. Ọmọ kan nínú kíláàsì troisième gbé omi fún ọdún méjì gbáko. Kò gbé e mọ́. Ó ti lọ ṣe lébìrà ní Nàìjíríà, kò sì kọ ìdánwò BEPC.

Bọ́ọ̀lù ìsinmi ń bọ̀. Ẹ̀yin tó ń ṣètò rẹ̀, ẹ kọ orúkọ ọmọ 4 sílẹ̀ kí ẹ tó kọ ti àgbà kankan. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, àwa olùkọ́ la máa gbé omi fún wọn.