Fi Ẹnu Ara Rẹ Ròyìn Ara Rẹ

 

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, a ní kí àwọn ọmọ kíláàsì àgbà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ orúkọ wọn, ìlú àwọn òbí wọn àti ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù. Nígbà tó kan ọmọkùnrin kan, ó jókòó bí ẹni tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àga. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ló tó ṣàlàyé fún mi. Nígbà tí wọ́n lọ sílé fún ìsinmi, àwọn mọ̀lẹ́bí ń fi bó ṣe ń sọ Yorùbá rẹ́rìn-ín, wọ́n tilẹ̀ ń pe ara wọn wá gbọ́ ọ. Ó ní, "Ántí, mi ò ní sọ ọ́ níwájú èèyàn mọ́." Mo bi í pé irú orin wo ló máa ń gbọ́. Ó ní ráàpù ni.

Ìyẹn ló rán mi létí Dagrin.

Ọládàpọ̀ Ọláìtán Ọláònípẹ̀kun ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo orúkọ ìdílé yẹn dáadáa: ọlá ò ní ìpẹ̀kun, ìyẹn ni pé ọlá kò lópin. Àdúgbò Mẹ́írán ní ìpínlẹ̀ Èkó ló dàgbà sí. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ olórin ráàpù ní Nàìjíríà ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é, àwọn mìíràn a sì máa yí ohùn wọn padà kó lè jọ ti ará Amẹ́ríkà. Lord of Ajasa wà lára àwọn tó ti ń fi Yorùbá ṣe ráàpù kí Dagrin tó dé. Dagrin náà gba ọ̀nà yẹn. Yorùbá àdúgbò tó ń sọ lójoojúmọ́ ló gbé dé iwájú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, pẹ̀lú pijin àti Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2009, ó gbé àwo orin tó pè ní C.E.O. jáde. Lójú ọ̀gá ilé iṣẹ́, lẹ́tà mẹ́ta yẹn dúró fún Chief Executive Officer. Dagrin yọ Officer kúrò, ó fi Ọmọ Ìta sí ipò rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe gbé e kalẹ̀! Ọmọ ìta ni àwọn èèyàn ń pe ọmọ tí wọn kò kà sí, tí wọ́n rò pé kò lè dà nǹkan kan. Ọlọ́pàá a máa ròyìn rẹ̀, aládùúgbò a máa ròyìn rẹ̀, ìwé ìròyìn náà a sọ tirẹ̀. Àwọn àgbà sì ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nínú àwo yìí, ọmọ ìta ló ń rojọ́ ara rẹ̀: ìyà tó jẹ, owó tí kò sí, àti bó ṣe ń retí pé ọ̀la yóò dára. Ní 2010, wọ́n fún àwo náà ní àmì ẹ̀yẹ Hip Hop World gẹ́gẹ́ bí àwo ráàpù tó dára jù.

Kí ló dé tí ráàpù fi bá Yorùbá mu tó bẹ́ẹ̀? Ẹ pe ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí sókè: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Èkíní ń gbé pẹ̀lú ìyàwó, èkejì ni àgbẹ̀ fi ń ro oko, ẹ̀kẹta ló ń gbé wa lọ síbi iṣẹ́. Ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹni tó ń kọrin kò bá ṣọ́ra, orin lè gbé ohùn ọ̀rọ̀ lọ síbi tí kì í ṣe ibùgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ ni ráàpù, a kàn gbé e lé ìlù ni. Ohùn ń lọ sókè sódò bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́. Àwọn tó ń sun ìjálá àti àwọn tó ń sun rárà náà wà láàárín ọ̀rọ̀ sísọ àti orin, wọ́n sì máa ń dárúkọ ara wọn, wọ́n á sọ ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

N kò sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni ráàpù ti wá o. Àdúgbò Bronx ní New York ni wọ́n ti ń ròyìn ìbẹ̀rẹ̀ hip hop, níbi àríyá kan ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹjọ, ọdún 1973. DJ Kool Herc, ọmọ tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, ló lu àwo níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ṣètò àríyá náà, kó lè rí owó ra aṣọ tuntun tí yóò wọ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ tí kò lówó lọ́wọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹnu wọn sì ni ohun èlò wọn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: gbogbo ọ̀rọ̀ inú orin Dagrin kọ́ ló yẹ etí ọmọdé. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ fúnra yín, kí ẹ yan èyí tó dára.

Ìjàm̀bá ọkọ̀ ló ṣe Dagrin ní Mushin, ó sì kú ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹrin, ọdún 2010, ní ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí àwo C.E.O. jáde. Ní 2011, wọ́n fi ìtàn ayé rẹ̀ ṣe fíìmù tí wọ́n pè ní Ghetto Dreamz. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ó ti dákẹ́ títí tí yóò fi sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ará Amẹ́ríkà ni, ohùn tirẹ̀ ì bá má kù sílẹ̀ fún wa.

Iṣẹ́ àṣetiléwá nìyí, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ kọ ìlà mẹ́jọ. Méjì àkọ́kọ́: orúkọ rẹ àti ìtumọ̀ rẹ̀. Méjì tó tẹ̀ lé e: ibi tí àwọn òbí rẹ ti wá àti ibi tí ò ń gbé. Méjì mìíràn: ohun kan tí ojú rẹ ti rí. Méjì ìkẹyìn: ohun tí o fẹ́ dà. Bí o kò bá mọ ọ̀rọ̀ kan ní Yorùbá, fi èyí tí o mọ̀ sí i, ká jọ wá a lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ tiyín ni pé kí ẹ jókòó gbọ́ ọ dé ìparí. Bí ọmọ bá ṣi ohùn, ẹ jẹ́ kó sọ tán kí ẹ tó tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ọmọkùnrin yẹn ti kọ ìlà mẹ́rin báyìí. Ó ní òun yóò dìde sọ ọ́ bí mo bá lè lu tábìlì fún òun. Mo ti ń fi tábìlì ilé ìdáná mi kọ́ ọ.