Ihò Márùn-ún Kò Tó: Èrò Kan lórí Orúkọ fún Ríìmù Tòkunbọ̀

Láti ọdún 1970, tí Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ kékeré kọ́ ni àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ ìperí. Ṣùgbọ́n orí tábìlì ni a ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí a máa yà sí ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì kí a tó sọ pé orúkọ kan kò sí, tàbí pé èyí tí ó wà ti tó.

Ní Ìkàrẹ́, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó gba Akùngbá lọ sí Ọ̀kà, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ láàrin awakọ̀ àgbàlagbà kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ta ríìmù tòkunbọ̀. Bọ́ọ̀sì Volkswagen, irú èyí tí a ń pè ní T4, ni awakọ̀ náà ń wà. Ríìmù alúmíníọ̀mù tí wọ́n yọ lára Toyota Camry ni ó wù ú.

“Baba, ihò mélòó ni tiyín?”

“Márùn-ún ni.”

“Ó bá a mu nìyẹn, sà.”

Owó ti fẹ́ jáde lápò. Òótọ́ ni pé ihò bọ́ọ̀tì márùn-ún ni ọkọ̀ méjèèjì ní. Ṣùgbọ́n bí a bá fa òbírí kan gba àárín gbogbo ihò náà, ìdábùú òbírí ti T4 jẹ́ mìlímítà 112, ti Camry sì jẹ́ 114.3. Ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀ yìí. Bọ́ọ̀tì yóò wọlé, ṣùgbọ́n yóò dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò ní jókòó dáadáa, ó sì lè tú tàbí kí ó kán lójú ọ̀nà.

Kíkà ni “ihò márùn-ún” ń kà. Kò wọn nǹkan kan. Nítorí náà ni mo ṣe dábàá “ìdábùú òbírí ihò.” Olùkọ́ kan tí mo bọ̀wọ̀ fún sọ pé ó ti gùn jù. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí igi bá ti dábùú ọ̀nà rẹ̀ rí mọ ohun tí ìdábùú jẹ́, orúkọ náà sì sọ ohun tí a ó wọ̀n. Bí ihò bá jẹ́ mẹ́fà, bíi ti Toyota HiAce tí ó jáde ní 2004, tí tirẹ̀ jẹ́ 139.7, a ó wọ̀n ọ́n láti àárín ihò kan dé àárín èyí tí ó kọjú sí i. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún, kò sí ihò tí ó kọjú sí òmíràn gan-an. A ó wọn àárín ihò méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn, a ó sì fi 1.701 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí a bá rí 65.8, 112 ni. Bí a bá rí 67.2, 114.3 ni. Iṣẹ́ yìí kò kọjá agbára ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama.

“Ihò àárín” kò fẹ́ àlàyé. Ríìmù Mercedes pọ̀ tí òbírí rẹ̀ jẹ́ 112, ṣùgbọ́n ihò àárín rẹ̀ jẹ́ 66.6, orí họ́ọ̀bù T4 sì jẹ́ 57.1. Òrùka ni a ó fi dí àlàfo náà kí ríìmù tó lè dúró sí àárín.

Èyí tí ó le jù ni ọ́fúsẹ́ẹ̀tì. Mo ti rí ibi tí ògbufọ̀ kan ti pè é ní “àsandípò,” bí ẹni pé gbèsè ni ríìmù jẹ. Awakọ̀ wa kò mọ ọ̀rọ̀ náà rárá, síbẹ̀ ohun tí ó bèèrè ni pé, “Ṣé táyà kò ní yọ síta báyìí?” Orúkọ ti dé nìyẹn. Bí ojú tí ríìmù fi kan họ́ọ̀bù bá sún mọ́ ìta ju ìdajì fífẹ̀ ríìmù lọ, táyà yóò wọnú: “ìwọnú” nìyẹn. Bí ó bá sún mọ́ inú, “ìyọsíta” ni.

Ìwọ̀n ẹrù tí ríìmù lè gbé ni ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Bí bọ́ọ̀sì àti èrò inú rẹ̀ bá wọn kílógíráàmù 2,800, ríìmù kọ̀ọ̀kan ń gbé 700 bí a bá pín in dọ́gba. Ta ni í pín in dọ́gba? Ẹ̀yìn ni iṣu máa ń wà, òkè Ọ̀kà sì ń dúró níwájú. Àwọn ará Akùngbá kò tí ì gbàgbé ọkọ̀ ẹrù tí ó já lọ́wọ́ awakọ̀ lẹ́nu ọ̀nà Yunifásítì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, tí ó sì pa ènìyàn. N kò sọ pé ríìmù ni ó fà á. Irú ọ̀nà tí ó jẹ́ ni mo ń sọ.

A wọn ríìmù náà níbẹ̀, ó jẹ́ 67 àti díẹ̀. Baba dá owó rẹ̀ padà sápò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kí n tún orúkọ ohun tí a wọ̀n pè. Mo pè é, ó rẹ́rìn-ín, ó sì yíjú sí oníbàárà mìíràn: “Òbírí mélòó ni tiyín, sà?” Èmi náà ti gé e kúrú bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ náà.