Àpò Wa Ń Bẹ Nílé, Ti Àlejò La Fi Ń Náwó: Ẹjọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Iṣẹ́ Ọnà

Ìlú kan wà ní ìlà-oòrùn Àbíjàn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bingerville. Òun ni olú-ìlú Côte d'Ivoire láti 1900 títí di 1934 tí àwọn Faransé kó ìjọba lọ sí Àbíjàn. Ààfin Gómìnà tó wà níbẹ̀ ti di ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí. Àwọn ará Èjìgbò tí wọ́n ti sọ Àbíjàn di ilé kejì kò ní béèrè ọ̀nà ibẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó mú mi dárúkọ ìlú náà ni pé Charles Alphonse Combes, agbẹ́gilére ọmọ Faransé tó kú ní 1968, dá ibùdó kan sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà ní igi gbígbẹ́. Igi wà nílẹ̀, irin-iṣẹ́ wà lọ́wọ́, ọ̀gá sì wà lórí wọn. Ibùdó náà ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ọ̀pọ̀ ère tí Combes gbẹ́ sì wà níbẹ̀ títí di òní.

N kò kan sáárá sí àwọn amúnisìn o. Ohun tí mo rí fà yọ ni pé ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní láti ríbi tí yóò ti ṣe iṣẹ́ náà gan-an, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà lórí rẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ rà á sì wà níwájú rẹ̀. Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ní 1947, àlùfáà Ìjọ Àgùdà kan, Kevin Carroll, wà lára àwọn tó dá irú ibùdó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì. Bándélé, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sì, gbẹ́ igi níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Bándélé ni Lámídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́, Fákẹ́yẹ yìí náà ló sì wá di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ìjọ nílò ilẹ̀kùn àti ère fún ilé ìjọsìn, àwọn agbẹ́gilére sì ríṣẹ́ ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Yunifásítì Ìbàdàn gba Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọ̀gá eléré alárìnjó, sí ilé ẹ̀kọ́ eré oníṣe rẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Òun àti àwọn ará yunifásítì jọ gbé Láǹkẹ́ Ọ̀mùtí jáde ní 1963. Demas Nwoko ló ṣètò ìran rẹ̀. Eré náà gba ìlú kan.

Ṣùgbọ́n ta ló sanwó? Faransé kan ló ṣe ti Bingerville. Ìjọ Àgùdà ló ṣe ti Ọyẹ́. Rockefeller, láti Amẹ́ríkà, ló náwó sí ti Ìbàdàn. Àwọn àjọṣepọ̀ tí a ṣì fi ń yangàn, owó àlejò la fi ṣe wọ́n. Nígbà tí àlejò bá sì ká àpò rẹ̀, a ó máa ṣèpàdé lórí bí a ó ṣe rí òmíràn.

Bẹ́ẹ̀ àpò tiwa wà. Ní 1971 ni ìjọba ológun fi òfin dá ITF sílẹ̀, àjọ tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jọs. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tún òfin náà ṣe ní 2011, ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè, tàbí tó ń pa mílíọ̀nù 50 náírà lọ́dún, gbọ́dọ̀ san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san sínú àpò yìí. Èyí tó bá ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ bí òfin ti wí lè gba tó ìdajì padà. Àjọ yìí náà ló dá SIWES sílẹ̀ ní 1973, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní IT. Lẹ́yìn tí owó rẹ̀ wọ ITF lọ́rùn, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ gba ìnáwó náà. Owó ìlú ni, láti òkè dé ilẹ̀.

Ta ni wọ́n wá ń ná an lé lórí? Ìmọ̀-ẹ̀rọ, sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ àgbẹ̀, àyíká. Àwọn ẹ̀ka ọnà yíyà rí ẹsẹ̀ kan kì bọ̀ ọ́ ní ilé-ìwé mìíràn. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ tíátà, ìtàn, èdè Yorùbá, Faransé tàbí ìmọ̀ èdè, ẹnu ọ̀nà ni púpọ̀ nínú wọn dúró sí. Ẹ wá wò ó: ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà tó ń gbé iṣẹ́ fún akọ̀wé àti eléré, ilé tẹlifíṣàn, ilé ìtẹ̀wé, gbogbo wọn ni òfin ITF dè. Wọ́n ń san owó ìkọ́ṣẹ́, ọmọ tí yóò bá wọn ṣiṣẹ́ lọ́la kò sì sí nínú ètò. Láàárín àkókò kan náà, kò sí mínísítà tí kò ní fi Nollywood àti orin Afrobeats ṣe fọ́ńté bó bá dé òkè òkun.

Àwọn kan máa ń dá mi lóhùn pé iṣẹ́ ọnà kò ní ilé-iṣẹ́ tí à ń rán ọmọ lọ. Irọ́ gbáà ni. Ibi Ìkówèé-ìtàn-pamọ́sí ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìbàdàn wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ láti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kí ó sì kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ìwé tí ikán fẹ́ jẹ. INEC nílò ìwé ìlanilọ́yẹ̀ ní èdè Yorùbá nígbà ìdìbò, ilé ìwòsàn ìjọba nílò rẹ̀ lójoojúmọ́. Yorùbá tó wà lára irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá sí nítòsí láti túmọ̀ rẹ̀, kò yé èmi o. Èwo ni kí ẹ̀ka Yorùbá máa jókòó wò?

Dípò èyí, ohun méjì ni a fún wọn. Èkíní ni kíláàsì bí a ṣe ń dá iṣẹ́ sílẹ̀, tí àwọn olùkọ́ tí kò dá iṣẹ́ kankan sílẹ̀ rí máa ń kọ́ wọn. Èkejì ni ìwé àdéhùn tí gíwá yunifásítì àti ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan máa ń fọwọ́ sí níwájú kámẹ́rà. Ẹ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò bí ẹ bá rí i gbà: iye akẹ́kọ̀ọ́ kì í sí níbẹ̀, iye oṣù kì í sí níbẹ̀, owó ọkọ̀ ọmọ ọlọ́mọ kò tilẹ̀ sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó bá sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ibi ìyàwòrán lọ, yóò ru iná, yóò ra oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá, yóò padà sílé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ ọlọ́rọ̀ lè fara da oṣù mẹ́fà bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Ọmọ aláta kò lè ṣe é. Báyìí ni iṣẹ́ tí ọmọ mẹ̀kúnnù ti máa ń fi ẹ̀bùn là tẹ́lẹ̀ ṣe ń di ti àwọn tí bàbá wọn ní ilé sí Lẹ́kí.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, akẹ́kọ̀ọ́, ilé-ìwé àti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n jọ ń fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n ń pè ní convention de stage. Kò sọ Àbíjàn di párádísè. Ọ̀dọ́ tó ń wá stage káàkiri kò níye níbẹ̀. Àmọ́ ìwé yẹn dárúkọ ọmọ náà, ó sì sọ ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí.

Ohun tí mo ń béèrè kò nílò àjọ tuntun. Kí wọ́n ṣí SIWES sílẹ̀ fún gbogbo ẹ̀ka Iṣẹ́ Ọnà, pẹ̀lú owó oṣù kan náà. Kí ilé-iṣẹ́ tó bá gba akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí fún oṣù mẹ́ta sókè, tó sì sanwó fún wọn, lè kà á mọ́ ohun tí yóò fi gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ ITF. Kí àwọn àjọ ìjọba fúnra wọn kọ́kọ́ gbà wọ́n, nítorí kò sí ẹni tí wọ́n ní láti bẹ̀. Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ tó tún òfin yìí ṣe ní 2011 ní agbára láti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí aṣojú-ṣòfin yín bá tún wá pín ẹ̀rọ ìránṣọ àti ọ̀kadà ní àdúgbò yín, ẹ bi í léèrè ọdún tí yóò gbé àbá náà wọlé.