Nígbà Tí Àdúgbò Bá Túká

Láti ìparí ọdún 2017 tí ìbọn ti ń dún ní agbègbè àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Kamẹrúùnù, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti sá wá sí Douala. Ní àdúgbò bíi Bonamoussadi, ẹni tí ẹbí yí ká tẹ́lẹ̀ lè máa dá gbé yàrá kan láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí. Bí kò bá rí oorun sùn, tí inú ń bí i láìnídìí, wọn a ní orí rẹ̀ ló dàrú. Wọn kì í béèrè ohun tó ṣe ìlú rẹ̀.

Dókítà Thomas Adéoyè Lambo béèrè é ní Abẹ́òkúta. Òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell, ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí ní àwọn abúlé Yorùbá. Ìwé wọn jáde ní 1963. Kì í ṣe aláìsàn nìkan ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n yẹ abúlé fúnra rẹ̀ wò: ṣé àwọn ará ibẹ̀ ṣì ń gbọ́ra wọn yé? Níbi tí àjọṣe ti túká, àìsàn ọpọlọ ló pọ̀ jù.

Ṣáájú ìwádìí yẹn, láti 1954, Lambo ti ń fi àwọn aláìsàn Arò wọ̀ sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká. Àwọn ará abúlé gbà wọ́n sílé (wọ́n gba owó ilé o!). Ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá. Láàárọ̀ wọn a lọ gba ìtọ́jú. Bí wọ́n bá padà dé, ìbátan yẹn ti se oúnjẹ kalẹ̀.