Ẹ Bèèrè Ẹni Tí Ó Sọ Ọ́ Kí Ẹ Tó Fi Ránṣẹ́

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ àti fóònù ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Ìtàn náà kò buyì kún mi, ṣùgbọ́n mo gbà pé yóò ṣe agbo ilé wa láǹfààní.

Ní òru ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún 2014, fóònù kò jẹ́ kí a sùn ní Felele níbí. Bí tiwa ti ń dún nínú yàrá ni ti aládùúgbò ń dún lẹ́yìn ògiri. Ohun kan náà ni gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà ń wí: kí olúkúlùkù fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àrùn Ebola má baà ràn án. Kò sí orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Èmi tí mo gboyè nínú ẹ̀kọ́ Isilaamu, tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní olùkọ́, n kò bèèrè. Mo fi í ránṣẹ́ sí ènìyàn mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà mo pe bàbá mi ní Kàbà, mo ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n bu iyọ̀ sómi.

Bàbá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ti pẹ́ tí dókítà ti ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù. Ìyá mi rán wọn létí, wọ́n dáhùn pé, "Olùkọ́ ló pè." Wọ́n mu ife méjì. Kí oòrùn tó yọ, èébì ti dé, orí ń fọ́ wọn, ojú wọn sì ń ṣú. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò ní ilé ìwòsàn. Ọlọ́hun ló yọ wá.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ebola fúnra rẹ̀, tí arìnrìn-àjò kan gbé wọ Èkó láti Làìbéríà ní ọjọ́ 20 oṣù keje, pa ènìyàn mẹ́jọ kí àjọ náà tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Iyọ̀ kò lè dènà rẹ̀ rárá. Fífi ara kan ẹ̀jẹ̀, èébì tàbí omi ara aláìsàn tàbí òkú ni ó ń tàn án kálẹ̀.

Sunday Oluwafemi Oyeyemi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Norway yẹ ọ̀rọ̀ 564 wò, èyí tí àwọn ènìyàn kọ nípa Ebola sórí Twitter, tí a ń pè ní X báyìí, láti Nàìjíríà, Gínì àti Làìbéríà láàrin ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án ọdún 2014. Ohun tí ó ju ìdajì wọn lọ ni kò tọ̀nà tàbí tí ó jẹ́ àbọ̀ òtítọ́. Àwọn baba wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ àìsàn, ọjọ́ kan yẹn lè jẹ́ ọjọ́ kejì ìsìnkú.

Síbẹ̀, ẹ má sọ pé fóònù ni ọ̀tá. Nígbà Ebola yẹn kan náà, ènìyàn 894 tí ó ṣeé ṣe kí àrùn náà ti kàn ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpasẹ̀ wọn, fóònù alágbèéká ni wọ́n sì fi ń jábọ̀ ìwọ̀n ìgbóná ara wọn kíákíá. Àwọn dókítà kan dá EbolaAlert sílẹ̀, wọ́n ń dáhùn ìbéèrè ará ìlú lórí ayélujára. Irinṣẹ́ kan náà ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ti ẹnu rẹ̀ wá ló yàtọ̀.

Èyí kò ṣàjèjì sí Mùsùlùmí. Àwọn onímọ̀ wa kò gba hádíìsì kan láìbèèrè ìsínáàdì rẹ̀: ta ló sọ ọ́, lẹ́nu ta ni ó ti gbọ́ ọ, ṣé olódodo ni? Nígbà tí Séyídínà Umar ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, ó gbọ́ ní Sargh pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó gba ìmọ̀ràn, ohùn àwọn ènìyàn kò ṣọ̀kan, ó sì pinnu láti padà. Lẹ́yìn náà ni Abdur-Rahman ọmọ Awf dé, tí ó jẹ́rìí pé etí òun ni òun fi gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì pé kí a má wọ ìlú tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ wà, kí ẹni tí ó wà níbẹ̀ má sì sá jáde. Umar dúpẹ́ fún Ọlọ́hun, ó sì yí padà. Ọ̀rọ̀ ìlera nìyẹn, ó ní orúkọ, ó ní ẹlẹ́rìí.

Nítorí náà, bí ìròyìn ìlera bá wọ fóònù yín, ẹ bèèrè orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. Bí kò bá ní orúkọ, ẹ jẹ́ kí ó kú sọ́wọ́ yín. Ẹ bi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tí ẹ mọ̀, tàbí kí ẹ pe 6232, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ àjọ NCDC tí ó ń rí sí ìdènà àrùn.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òtítọ́, ẹ má dákẹ́. Àwa tí a ń gbé Lọ́kọ́ja níbi tí Odò Ọya àti Bénúè ti pàdé, a mọ ohun tí ìkún omi ọdún 2012 àti ti 2022 ṣe. Omi kíkún a máa gbé ìdọ̀tí wọ kànga, onígbáméjì a sì tẹ̀ lé e. Ẹ fi ohùn yín, ní èdè tí ìyá àgbà gbọ́, sọ ọ́ sínú WhatsApp: kí wọ́n se omi kí wọ́n tó mu ún, kí wọ́n fún ẹni tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru ní ORS, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ORS kò bá sí nítòsí, kí wọ́n po ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ lítà omi mímọ́ kan. Kí ṣíbí náà má kún ju etí rẹ̀ lọ. Iyọ̀ tí ó fẹ́ pa bàbá mi náà nìyí; ìwọ̀n àti ìmọ̀ ló sọ ọ́ di oògùn.

Bí ẹ bá sì ti ṣì í fi ránṣẹ́, ẹ tún un ṣe. Súúrà Bákọ́rà, ẹsẹ 160, so ìrònúpìwàdà àwọn tí ó fi ìmọ̀ pamọ́ mọ́ àtúnṣe àti àlàyé ní gbangba. Mo pe àwọn mọ́kànlá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní, "Irọ́ ni mo fi ránṣẹ́ sí yín." Ó tì mí lójú, ṣùgbọ́n mo ṣe é.

Títí di òní, bí mo bá pe bàbá mi lórí ọ̀rọ̀ oògùn, ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn ni, "Ta ló sọ ọ́?" N kì í bínú, mo máa ń dáhùn wọn ni.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ àti òdodo ṣọ́ agbo ilé wa. Àmín.